Ta Ni Yóò San Owó Ìbọn?

Ọ̀rọ̀ eyín àti awò ojú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ká ní ọdún 1951. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀ràn lè fi í ṣe ẹ̀rín. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun Hitler, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tún wà ní Kòríà, tí ẹ̀rù Rọ́ṣíà sì ń bà á tọ̀sán-tòru, kí ni ó ń wá nídìí eyín àtọwọ́dá? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, àwa sì rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn olùdìbò ilẹ̀ náà ti ń jà lórí owó ìlú àti ààbò ìlú títí di ìgbà tiwa yìí, níbẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Labour, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ni ó wọlé nínú ìdìbò oṣù keje ọdún 1945, Clement Attlee sì di Olórí Ìjọba. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948 ni wọ́n ṣí ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti olówó àti tálákà. Aneurin Bevan, ọmọ awakùsà ará Tredegar ní ilẹ̀ Wales, tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ ihò èédú láti ìgbà èwe, ni Mínísítà tí ó gbé ètò náà kalẹ̀. Kí ètò yìí tó dé, òṣìṣẹ́ tí kò ríran dáadáa a máa lọ sí ilé ìtajà Woolworths, a máa dán àwọn awò tí ó wà lórí káńtà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan èyí tí ó jọ bí ẹni pé ó bá a mu, yóò sanwó, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ láìrí dókítà ojú kankan. Bí eyín bá jẹrà lẹ́nu ìyàwó ilé, yíyọ ni wọn yóò yọ ọ́. Ohun tí yóò fi dípò rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́. Nítorí náà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ogunlọ́gọ̀ ni ó rọ́ wọlé. Awò ojú tí ìjọba fi fún àwọn ènìyàn ní ọdún kìíní nìkan lé ní mílíọ̀nù 5. Owó tí ètò náà ń gbé mì sì ju èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fojú dá lọ fíìfíì.

Àwọn alátakò kígbe pé ìnákúnàá ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti rí ọmọ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní olódo fún ọdún mẹ́ta kí ẹnìkan tó mọ̀ pé kò rí ojú pátákó ni, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wa irú ìnákúnàá tí èyí jẹ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1950 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà. Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e. Ìjọba Attlee fi kún ọdún tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní láti lò nínú iṣẹ́ ológun, ó di ọdún méjì. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìpinnu láti ná £3,600 mílíọ̀nù lórí ohun ìjà láàárín ọdún mẹ́ta; nígbà tí ó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1951, wọ́n ti sọ ọ́ di £4,700 mílíọ̀nù. Hugh Gaitskell, tí ó ti fìgbà kan rí jẹ́ olùkọ́ ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì, ni Mínísítà fún Ètò Owó. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún náà ó dìde níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ó fi kún owó orí, ó sì kéde pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ eyín àtọwọ́dá tàbí awò ojú ni yóò san ìdajì iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. £13 mílíọ̀nù ni ìjọba ń retí láti rí nínú eyín àti awò ojú ní ọdún náà. £4,700 mílíọ̀nù ni ti ohun ìjà fún ọdún mẹ́ta. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi £4,700 kọ́lé, tí ó sì lọ gba £13 nínú owó oúnjẹ ìyá rẹ̀ kí owó náà bàa lè pé. Bevan, tí ó ti kúrò nídìí ọ̀ràn ìlera nígbà náà tí ó sì ti di Mínísítà fún Iṣẹ́, kò lè gbé èyí mì. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ó fi ipò sílẹ̀. Harold Wilson, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35, bá a jáde, John Freeman sì tẹ̀lé wọn.

Bí a bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, a ti ṣe ojúsàájú. Ní ọjọ́ tí Bevan fi ipò sílẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ogun Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì létí odò Imjin ní Kòríà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìjà náà fi gbóná. Wọ́n yí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gloucestershire ká lórí òkè kan; ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ráyè sá àsálà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí kò kú ni a kó lẹ́rú. Kí ogun náà tó parí ní ọdún 1953, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a lọ lé ní 1,000. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí òkè yẹn, ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀ tí yóò máa sọ fún un pé owó ìbọn ti pọ̀ jù? Gaitskell kì í ṣe òǹrorò. Ó gbàgbọ́ pé bí Rọ́ṣíà bá ya wọ ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ètò ìwòsàn náà kò ní ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni. Àti pé ẹgbẹ́ tí kò bá lè dá ààlà sí ìnáwó tirẹ̀, àwọn olùdìbò kò ní gbé àpótí owó ìlú lé e lọ́wọ́ mọ́.

Ẹjọ́ méjì ni Bevan rò. Èkíní ni gbogbo ayé ń rántí: pé bí a bá ti gba owó lórí eyín lónìí, a ó gbà á lórí oògùn lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a pè ní ọ̀fẹ́ yóò máa yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Èkejì ni a kì í sábà sọ, òun sì ni àwa kà sí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n jù lọ tí ẹnikẹ́ni sọ ní ọdún náà. Ó ní owó ohun ìjà náà kò ṣe é ná. Ẹ̀rọ tí a ó fi rọ àwọn ìbọn náà kò sí tó. Amẹ́ríkà ti ń ra irin, bàbà àti àwọn ohun èlò mìíràn ní gbogbo ọjà ayé, gbogbo nǹkan sì ti wọ́n gógó. Ìwọ̀nyí ni kò ní jẹ́ kí ilé iṣẹ́ lè ṣe ohun tí ìwé ìṣirò wí. Lójú rẹ̀, wọ́n ń gba owó awò ojú lọ́wọ́ arúgbó láti fi ra ọkọ̀ ogun tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ. Winston Churchill fúnra rẹ̀, nígbà tí ó padà di Olórí Ìjọba, fa ètò ohun ìjà náà gùn kọjá ọdún mẹ́ta nítorí pé kò ṣeé parí. Ó sì jẹ́wọ́ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ ní ìparí ọdún 1951 pé Bevan tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ fi ṣe àwàdà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ òtítọ́ ni.

Ó yẹ kí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ gbogbo, níbi gbogbo, dúró díẹ̀ lórí èyí. Nígbà tí ẹnìkan bá ti pe orúkọ ààbò ìlú, ẹnu a máa wọhò, ojú a sì máa ti ẹni tí yóò bèèrè iye. Bevan bèèrè iye. Kò sọ pé kí a má ra ìbọn. Òun náà ti wà nínú ìjọba tí ó fọwọ́ sí ogun Kòríà. Ohun tí ó ń bèèrè ni iye tí a lè rà ní tòótọ́, àti ẹni tí yóò san án.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nínú ilé àwọn mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ogun Hitler ti parí láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo ìyàwó ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951, ẹran tí ẹnìkan lè rà fún ọ̀sẹ̀ kan kò ju ti kọ́bọ̀ mẹ́jọ owó Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú ilé kan ṣoṣo, ọmọ lè wà nínú iṣẹ́ ológun, kí ìyá àgbà máa retí eyín rẹ̀, kí baba máa ráhùn sí owó orí. A máa ń rò pé ẹni tí ó fẹ́ ìbọn wà nínú ẹgbẹ́ kan, pé ẹni tí ó fẹ́ eyín wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan náà ni ó ń fẹ́ méjèèjì, ó sì ń bá ara rẹ̀ jiyàn ní orí ibùsùn.

Ìdìbò náà fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1951, nínú olùdìbò 100, ó lé ní 82 tí ó jáde lọ dìbò. Ẹgbẹ́ Conservative ń ṣèlérí ilé 300,000 lọ́dún àti ẹran tí ó pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ Labour ń dẹ́rù bà wọ́n pé ògbólógbòó jagunjagun ni Churchill, pé kí wọ́n má fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Ẹgbẹ́ Labour ní nǹkan bí mílíọ̀nù 13.9, Ẹgbẹ́ Conservative àti àwọn tí ó bá a ṣe ní mílíọ̀nù 13.7. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni ó pàdánù, nítorí pé àwọn Conservative ní ìjókòó 321, Labour sì ní 295. Orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì bí ẹni la obì. Kò sì sí ẹni tí ó fagi lé owó eyín àti awò ojú: àwọn Conservative tún fi ṣílè kan lé ìwé oògùn ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí Bevan ti sọ tẹ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀dọ̀ tiwa díẹ̀, nítorí pé ẹnìkan wà tí ó ń san nínú owó náà tí kò sí ẹni tí ó pè é sí àríyànjiyàn. Láti ọdún 1947 ni Ìgbìmọ̀ Ọjà Kòkó ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ní iye tí ó kéré sí èyí tí ó ń rí gbà lọ́jà ayé. Àṣẹ́kù owó náà, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé, nínú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Dọ́là tí Amẹ́ríkà fi ń ra kòkó, rọ́bà àti tánganran láti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, inú àpò kan náà ni ó ń bọ́ sí, àpò tí ó ń gbé owó pọ́n-ùn ró nígbà tí ó ń mì. Àgbẹ̀ tí ó ń ṣí kòkó ní Ìlá tàbí ní Ondó ní ọdún 1951 kò mọ Gaitskell, kò mọ Bevan; bóyá òun náà kò sì ní eyín lẹ́nu. Kò ní ìbò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ìwé tí ó ń sọ ìtàn ìjà Bevan àti Gaitskell kì í sábà ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún un.

Harold Wilson ní tirẹ̀ di Olórí Ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1964. Ó mú ìlérí ṣẹ: ní ọdún 1965 ìjọba rẹ̀ fagi lé owó ìwé oògùn pátápátá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 1967 ó di dandan fún un láti dín iye pọ́n-ùn kù, láti dọ́là 2.80 sí 2.40. Ní oṣù kìíní ọdún 1968 ó dìde nínú Ilé Ìgbìmọ̀, ó sì ka àkọsílẹ̀ ohun tí ó fẹ́ gé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yóò kúrò ní Síńgápọ̀, ní Màléṣíà àti ní Òkun Páṣíà kí ọdún 1971 tó parí. Wọn kò ní ra bàlúù ogun F-111 tí wọ́n ti bẹ Amẹ́ríkà níṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀? Kò tó. Mílíìkì ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún tí wọ́n fẹ́ fi kún ìgbà tí ọmọ yóò fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ di èyí tí a sún síwájú. Owó ìwé oògùn sì padà dé. Ọwọ́ tí ó kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ nítorí awò ojú ní ọdún 1951 ni ó kọ èyí pẹ̀lú. A kò sọ èyí láti fi Wilson ṣe ẹlẹ́yà; ìbọn àti oògùn ni ó gé pa pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, ó sì dá àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó àti àwọn aboyún sí nínú owó náà. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba: ní Wales, ilẹ̀ Bevan, kò sí ẹni tí ń sanwó ìwé oògùn láti ọdún 2007, ní England, £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí oògùn kọ̀ọ̀kan láti oṣù karùn-ún ọdún 2024.

Àṣà ti wà láàárín àwọn olùdìbò ilẹ̀ náà láti gbà pé Labour mọ̀ nípa ilé ìwòsàn, Conservative mọ̀ nípa ààbò. Ìtàn kò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981 ìjọba Margaret Thatcher pinnu láti yọ HMS Endurance, ọkọ̀ ojú omi ológun tí ń ṣọ́ agbègbè erékùṣù Falklands, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti fi dín owó kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, àwọn ọmọ ogun Ajẹntínà gba erékùṣù náà. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 255 ni ó kú kí wọ́n tó gbà á padà, àwọn ará Ajẹntínà tí ó kú sì ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Láàárín ọdún 2010 sí 2017, lábẹ́ àwọn Conservative kan náà, iye ọlọ́pàá ní England àti Wales dín ní nǹkan bí 20,000. Nígbà tí Theresa May pe ìdìbò sí oṣù kẹfà ọdún 2017, àwọn apániláyà pa ènìyàn 22 ní Manchester ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, wọ́n sì pa 8 ní London Bridge ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ márùn-ún. Jeremy Corbyn ti Ẹgbẹ́ Labour, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń pè ní ẹni tí kò ní lè dáàbò bo ìlú, ni ó wá ń bi May pé níbo ni àwọn ọlọ́pàá lọ, ìyẹn May tí ó ti jẹ́ Mínísítà fún Ọ̀ràn Abẹ́lé fún ọdún mẹ́fà. A kò ní sọ pé èyí nìkan ni ó ṣe é, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú àwọn arúgbó náà bí àwọn ènìyàn nínú gan-an. Ṣùgbọ́n May wọ ìdìbò náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ aṣòfin, ó sì jáde láìní tó èyí tí yóò dá ìjọba ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ń gbé níbẹ̀ lọ́nà òfin lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò yan aṣòfin, nítorí pé ilẹ̀ wa wà nínú àjọ Commonwealth, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ìrìnnà ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń jiyàn nílé ọtí ni tiwa ń jiyàn nídìí iyán. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 a wà ní ilé àwọn ẹbí kan ní Peckham. Baálé ilé jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ti ń dìbò fún Labour láti ìgbà tí ó ti dé ìlú náà. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, wá kí wọn. Ìròyìn tí ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n ni pé Olórí Ìjọba, Keir Starmer, ti kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kejì pé owó ológun yóò lọ sókè sí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ orílẹ̀-èdè náà nígbà tí ó bá fi di ọdún 2027, àti pé inú owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè ni wọn yóò ti yọ ọ́, tí èyí yóò fi dín láti ìdá 0.5 sí 0.3.

“Ó tọ́ bẹ́ẹ̀,” ni baálé ilé wí. “Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ogun ti wà ní Ukraine. Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, ta ni ó ń ra àga tuntun sí i?”

“Ẹ̀gbọ́n, n kò bá yín jiyàn ìlẹ̀kùn,” ni nọ́ọ̀sì dáhùn. “Owó káfíńtà ni mò ń bèèrè. Ta ni ẹ fẹ́ kí ó san án?”

“Owó tí wọ́n fi ń ta àwọn ìlú òkèèrè lọ́rẹ ni. Ìyá Ìbejì, ìwọ náà wò ó. Ìlú tí ó ti ń ta epo rọ̀bì láti ọdún 1958, kí ni ó fẹ́ fi ọrẹ Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Ṣé kí n máa san owó orí níhìn-ín, kí àwọn kan ní Àbújá lè ráyè fi tiwọn ra mọ́tò?”

“Ẹ kò purọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra mọ́tò kọ́ ni ó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé. Bí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ dúró, mọ́tò tirẹ̀ kò ní dúró.”

Baálé ilé mi orí. “Ọmọ-ọmọ mi pé ọdún 18 ní oṣù tí ó kọjá. Bí ogun bá dé ìhín, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wá pè. Wọn kò ní pe ọmọ Mínísítà.”

Nọ́ọ̀sì kò lè fèsì sí ìyẹn lójú ẹsẹ̀. “Ọlọ́run má jẹ́ kí ó dé,” ni ó wí nígbà tí ó ṣe. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí wọ́n gba owó iná ìgbà òtútù lọ́wọ́ yín ní ọdún tí ó kọjá, £200 péré, kí ni ẹ wí? Ẹ ní ẹ kò ní dìbò fún wọn mọ́ láé. Èmi ni ẹ ní kí n bá yín kọ lẹ́tà sí aṣòfin yín.”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Ọ̀nà wo ni ó gbà yàtọ̀?”

Baálé ilé ní kí ìyàwó òun gbé ọbẹ̀ wá.

Ó yàtọ̀ ní tòótọ́, a ó sì sọ ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Labour wọlé pẹ̀lú ìjókòó tí ó lé ní 400, Rachel Reeves, Mínísítà fún Ètò Owó, gba owó iná ìgbà òtútù lọ́wọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 10 arúgbó. Gbogbo wọn ni ó ní ìbò, àwọn arúgbó sì ni í sábà jáde dìbò jù lọ ní ilẹ̀ náà. Igbe ta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n na Labour bí ẹni na bàrà, ẹgbẹ́ Reform UK sì kó ìjókòó tí ó lé ní 600. Àwọn tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé fún Labour wí pé owó iná yìí ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo.

Ní ti owó ìrànlọ́wọ́ òkèèrè, Anneliese Dodds, Mínísítà tí ó ń bójú tó o, fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìkéde náà. Òun náà gbà pé ó yẹ kí owó ológun lọ sókè. Ibi tí a ti fẹ́ yọ ọ́ ni kò gbà. A kò rí Wilson kankan tí ó bá a jáde. Àwọn Conservative kò bá ìjọba jà lórí rẹ̀, nítorí pé Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí ó ti di olórí wọn láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, ti dá a lábàá ṣáájú pé inú owó ìrànlọ́wọ́ ni kí wọ́n ti mú nínú owó ológun. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti fẹnu kò báyìí, kí ni olùdìbò yóò fi ìbò rẹ̀ yàn? Ìyá tí ó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní Bọ̀nọ́ kò ní ìbò ní Peckham, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ kòkó Ìlá kò ti ní ìbò ní Tredegar. Kò sì sí ẹni tí ó kan ìlẹ̀kùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun yóò dá owó iná ìgbà òtútù padà fún gbogbo arúgbó tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju £35,000 lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kan náà, Reeves ka ètò ìnáwó ọdún mélòó kan tí ń bọ̀ níwájú Ilé Ìgbìmọ̀. Owó ológun lọ sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ìdá 0.3 náà dúró sí ibi tí ó wà.